Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọ́nà 620, afárá 59, àti ìyá mi tó máa ń bì nínú ọkọ̀

Ìyá Dúró, Bódìjà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ọ̀nà tí mo fẹ́ bi yín léèrè ló gùn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló ní òun fẹ́ kó gbogbo wa jọ lóṣù keje. Kò ní ká wá sílé òun bí a ti ṣe nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ. Maui ló ní ká jọ lọ, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii, láàárín agbami Pàsífíìkì lọ́hùn-ún. Físà ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù wa, ó sì ti sanwó ilé tí a máa dé sí. Èmi, bàbá Dúró, àwọn ọmọ mẹ́ta (àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6), àti màmá wa tó pé ẹni ọdún 72 ní Kérésì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà Hana, ó ní torí ẹ̀ gan-an lòun ṣe mú Maui. Ó fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́. Òkun lápá kan, òkè lápá kejì, igbó tútù yọ̀yọ̀, omi ń dà láti orí àpáta bí ìgbà téèyàn da ìkòkò nù. Ó rẹwà, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ kà nípa ẹ̀. Kọ́nà ibẹ̀ tó 620, afárá jẹ́ 59, 46 nínú wọn ò sì gbà ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti Kahului tí bàálù ń já èèyàn sí, nǹkan bí máìlì 52 péré ni dé ìlú Hana. Ìyẹn ò tó Ìbàdàn sí Èkó. Síbẹ̀ wọ́n ní àlọ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí mẹ́ta, béèyàn ò bá tiẹ̀ dúró níbì kankan.

Tí ẹ bá gbé ìyá mi kúrò ní Bódìjà, kò ní í tíì dé Mọ́níyà tó ti máa béèrè ọ̀rá. Lọ́jọ́ tí a lọ sin òkú ní Ìsẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá mẹ́rin ló lò. Ìkẹrin jò. Léèsì funfun ni mo wọ̀.

Bàbá Dúró ní tiẹ̀ ní kí ni wọ́n ń pè ní kọ́nà, pé láti ọdún 1998 lòun ti ń wakọ̀ la ọjà Òjé kọjá. Òun lòun máa wà á, àlọ àbọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ wá wò ó bá mi: ṣé ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àbí ká sùn ní Hana? Ṣé ká tiẹ̀ gbé màmá dání rárá? Ó ti sọ pé bí a bá fi òun sílẹ̀ nílé tí a dé sí, òun ò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a ó fi padà dé Ìbàdàn.

Ọmọ Ọjà'ba

Ẹ gbé e lọ o. Ọ̀rá rọrùn ju ìbínú màmá lọ.

Bọ̀dá Dallas

Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Èmi àtìyàwó mi ti lọ, mo sì ṣe gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín.

Àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la gbéra. Aago yẹn ni gbogbo àlejò erékùṣù náà ń gbéra. Ìdí afárá kọ̀ọ̀kan la ti ń tò. Ìlànà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ bíi márùn-ún sí méje á kọjá láti apá kan, ẹni tó kàn á dúró, apá kejì á wá kọjá. Kò sí fèrè o! Ọwọ́ ni wọ́n ń jù síra wọn. Bí ọkọ̀ kan bá sì wà lẹ́yìn yín tó ń yára, ará ibẹ̀ ni. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kọjá. Òun ń lọ síbi iṣẹ́, tàbí kó máa gbé aláìsàn, ẹ̀yin sì ń ya fọ́tò.

Èkejì, a ò ra epo ní Paia. Lẹ́yìn Paia, ẹ ò tún ní rí ilé epo títí dé Hana, ti Hana sì wọ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń lọ ó ń bọ̀, ẹ gba máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Etíkun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hana tí yanrìn ẹ̀ dúdú kirikiri, nítorí ohun tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ jáde láyé ọjọ́un ló di yanrìn yẹn. Waianapanapa lorúkọ ẹ̀. Àlejò ò lè dédé wọ ibẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gba àyè sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, wọ́n sì ń yan wákàtí féèyàn. Dọ́là 5 lórí èèyàn kan, dọ́là 10 fún ọkọ̀. A dé ẹnu géètì láìgbà á. Wọ́n dá wa padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí dé Kahului, kọ́nà 620 nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ máa dé ibì kan tó ń jẹ́ Keanae, ní nǹkan bí agbedeméjì ọ̀nà. Ẹ wo apá òkun. Oko kókò ni! Inú omi ni wọ́n gbìn ín sí, ewé ẹ̀ gbòòrò bí èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá mi àgbà ní Akínyẹlé. Kalo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, ó di poi. Mo tọ́ ọ wò: ó ń fà bí àmàlà tí omi ẹ̀ pọ̀ jù, ó sì kan díẹ̀ bí ògì ọjọ́ kẹta. Ìyàwó mi tu tiẹ̀ dànù. Èmi jẹ tèmi tán.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ sùn ní Hana. Nígbà tí gbogbo wa ń sáré bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó sùn síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn.

Ìyá Àjọkẹ́

Owó tó tó báyìí! Ìdànrè ń bẹ níbí, àtẹ̀gùn òkè ẹ̀ lé ní 600, kò béèrè físà.

Ọmọ Ọjà'ba

Àbúrò wọn ló ń sanwó, mà.

Ìyá Àjọkẹ́

Háà. Kí wọ́n máa lọ nígbà yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ màmá ni tèmi. Nǹkan kan wà nínú etí wa tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí. Bí ojú bá wà lára fóònù tàbí lára ẹ̀yìn àga iwájú, ojú á ní rárá, a jókòó sójú kan ni. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń di èébì. Nítorí náà, iwájú ni kí màmá jókòó, kí wọ́n máa wo ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, kí fèrèsé ṣí díẹ̀. Kí wọ́n má fi ebi rìn, kí wọ́n má sì jẹ àjẹyó. Atalẹ̀ ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, yálà nínú tíì tàbí kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Oògùn wà, irú bíi dimenhydrinate tàbí meclizine. Kéèyàn tó gbéra ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ìgbà tí itọ́ bá ti kún ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ń kun àgbàlagbà lóorun, ó lè dàrú mọ́ wọn lójú, kò sì bá gbogbo ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma tàbí tó ń lo oògùn mìíràn mu. Ẹ kó gbogbo oògùn tí màmá ń lò lọ́wọ́ lọ fi han dókítà wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri inú gáréèjì.

Bàbá Awakọ̀, Ìwó Road

Ìyá Dúró, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé Òjé, sùúrù ló gbà, ṣùgbọ́n bíréèkì ni ti orí òkè. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lo jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ náà mú. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, á gbóòórùn rọ́bà, lẹ́yìn náà kò ní í rí bíréèkì tẹ̀ mọ́.

Ohun kejì, ẹni tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í rí nǹkan kan. Mo gbérò lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè fún ọdún 11, ìgbà tí ẹlòmíràn wà mí débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé òkè ibẹ̀ lẹ́wà. Ẹ jẹ́ kí bàbá Dúró àti àbúrò yín pín in.

Ìyẹn ló sì mú mi rántí: kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí ikùn màmá máa ṣe? Ẹ gba Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, ẹ yà ní Ìwàrajà, kẹ́ ẹ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Kọ́nà ibẹ̀ tó fi dán an wò. Ẹ kọjá sí Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, ẹ sùn síbẹ̀, ẹ padà lọ́jọ́ kejì. Ikùn màmá á dá yín lóhùn.

Alàgbà Mọ́kọ́lá

Ìmọ̀ràn awakọ̀ yìí dára. Ti omi ni tèmi. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ lè wẹ̀ nínú àwọn ibú tó wà lábẹ́ ọ̀sọọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Òjò lè máa rọ̀ lókè tí oòrùn á máa ràn níbi tẹ́ ẹ wà, omi á sì dé lójijì. Ojú mi ló ṣe ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí Ògùnpa gbé ilé tòun tènìyàn. Ẹ̀yin ọmọdé lè máa pè é ní ìtàn. Bí omi bá ṣàdédé yí àwọ̀ padà, tàbí tí wọ́n bá fi àmì sí i pé ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Bẹ́ ẹ bá kọjá Hana díẹ̀ dé Kipahulu, ibojì Charles Lindbergh wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dá nìkan fi ọkọ̀ òfúrufú sọdá agbami Àtìláńtíìkì láìdúró, lọ́dún 1927. Wọ́n sin ín síbẹ̀ ní 1974. N kò tíì débẹ̀ rí, ìwé ni mo kà.

Ìyá Dúró, Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an. Bọ̀dá Dallas, ṣé ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà á gba bàbá Dúró láyè láti wakọ̀ níbẹ̀?

Bọ̀dá Dallas

Ẹ bi iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ti háyà ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀. Orúkọ ẹni tí kò bá sí nínú ìwé ọkọ̀ náà, kó má fọwọ́ kan sítíárì, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìnṣọ́ránsì lè má dá a lóhùn. Ẹ tún ka ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ò gbọdọ̀ gbà. Lẹ́yìn Kipahulu, ọ̀dà pa rẹ́ láwọn ibì kan, àwọn kan kì í fẹ́ kí ọkọ̀ wọn gba ibẹ̀. Ọ̀nà tẹ́ ẹ bá lọ ni kẹ́ ẹ gbà padà.

Ìyá Dúró, Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀yin ará ilé, a ti dé láti Ẹ̀fọ̀n.

Màmá jókòó síwájú. Ó di èèpo ọsàn mú sí imú, ó jẹ atalẹ̀ lẹ́nu, kò fọwọ́ kan fóònù. Ifẹ̀, kò bì. Iléṣà, kò bì. Bí a ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ orin, orin ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àwọn ọmọ ń gbè é. A dé Ìkógòsì láìlo ọ̀rá kankan! Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń bá wọn wo fídíò. Ọ̀rá méjì kó tó di Iléṣà. Kò tún jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ àga iwájú.

Bàbá Dúró ò tíì sọ̀rọ̀ Òjé láti ìgbà tí a ti dé. Èjìká ló ń fi ìpara ra. Wọ́n ti gbà kí àbúrò mi wà á lọ, kí àwọn wà á bọ̀ bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ bá gbà. Òru méjì la máa sùn ní Hana, àbúrò mi ti gba ilé kékeré kan, ó ní ó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí àyè Waianapanapa fún wa, mo ti fi bírò pupa yí i po lórí kàlẹ́ńdà.

Dókítà màmá ní kó lo atalẹ̀ ẹ̀ lọ, kó fi oògùn sílẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan. Màmá ti ra ìdì ọ̀rá dúdú kan ní ọjà Bódìjà, ó ti kó o sínú báàgì tó ń gbé lọ. Mo ní màmá, ọ̀rá wà ní Amẹ́ríkà. Ó ní ṣé tiwọn kì í jò ni?

Bọ̀dá Dallas

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e dání o. Láti 2011 ni Maui ti fòfin de ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà féèyàn.