Ṣé kí n pa káàdì NHIS (adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀) yìí tì ni?

Ìyá Ìbejì (Adó-Èkìtì):
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni baálé mi ń ṣe, ibẹ̀ la ti gba káàdì yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọmọ dé ọsibítù tí a yàn, parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kì í tán níbẹ̀. Ìyókù, "Ẹ lọ rà á níta." Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ₦7,500 ni mo ná ní fáámásì tó kọjú sí géètì wọn. Wọ́n tún ní kí n gbé Kẹ́hìndé lọ rí oníṣègùn etí ní Ìdó. Aago mẹ́sàn-án la ti jókòó, aago méjì lù, kóòdù àṣẹ ìtọ́jú tí HMO (ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ìtọ́jú wa fún ọsibítù) gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ ò dé. Mo pọn ọmọ mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Yèyé mi ní Ẹ̀fọ̀n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, káàdì yìí ò kàn án. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ lọ po àgbo jàre 😀 Èmi ti ju tèmi sínú dúrọ́ọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé:
Ọmọ Ìjerò, ìwọ gan-an ni wọ́n ń jẹ èrè ẹ! Iye kan ni HMO ń san fún ọsibítù lórí orí kọ̀ọ̀kan lóṣù, o wá o, o ò wá o. Ẹni tó bá jókòó sílé, owó rẹ̀ kù sí wọn lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ má pa á tì, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ ni. Kí baálé yín kọ̀wé pé ẹ fẹ́ yí ọsibítù padà. Ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ló yẹ kí ẹ san, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yẹn, ẹ fi fẹjọ́ sùn. Ní ti kóòdù, NHIA, àjọ ìjọba tó rọ́pò NHIS, pàṣẹ lọ́dún 2025 pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹ máa kọ aago tí ẹ béèrè sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pàjáwìrì, ìtọ́jú ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, kóòdù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá Tísà:
Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé 18 ni káàdì yẹn kó mọ́ra. Ti Yèyé, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ètò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa. Owó wà tí òfin ìlera 2014 yà sọ́tọ̀ fún aláìní, tí ìtọ́jú rẹ̀ ń wáyé ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò. Ẹ mú NIN Yèyé dání. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè dáadáa bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, torí oògùn ojoojúmọ́ ni.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ̀ pé jíjókòó sílé mi ń sọ wọ́n di olówó! Rìsíìtì ṣì wà nínú báàgì. Ọsibítù wo ní Adó ni fáámásì rẹ̀ kì í ṣófo báyìí?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé:
Ẹ wá sí inbox.