Ẹ má ṣe fi “ìrísí” sínú orúkọ allostery

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí lórí ohun tí a ó máa pe allostery ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n mú “ìyírísípadà” wá. Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní “ìdarí-òkèèrè”. Ẹnì kẹta ní kí a má da ara wa láàmú, kí a kọ ọ́ ní “alọ́sítẹ́rì”, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, n kò sì rí èyí tí mo lè fọwọ́ sí. Ti ẹ̀gbọ́n wa ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, tìdọ̀bálẹ̀-tìdọ̀bálẹ̀, nítorí òun ló dùn létí jù, ọ̀rọ̀ tó bá sì dùn létí kì í pẹ́ ràn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ inú rẹ̀ wò.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé ọmọ tiwa yìí sì ni purotéènì: okùn amínò ásíìdì gígùn tó ká jọ sórí ara rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ẹ́ńsáìmù nínú wọn máa ń ní kòtò kan lára, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí á wọ inú kòtò náà, á sì jáde ní ohun mìíràn. Allostery ni kí mólékù kan wá sí ibòmíràn lára purotéènì yẹn, ibi tó jìnnà sí kòtò iṣẹ́, kí iṣẹ́ inú kòtò sì tipa bẹ́ẹ̀ yá sí i tàbí kó falẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kòtò o. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti fọwọ́ kan onítọ̀hún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló yí padà.

Ẹ wo bí bakitéríà ṣe ń ṣe isoleucine láti ara threonine; amínò ásíìdì ni àwọn méjèèjì. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni. Nígbà tí isoleucine bá ti pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń padà lọ bá ẹ́ńsáìmù ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, á sì dá a dúró. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Umbarger ló jábọ̀ èyí ní 1956. Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ni pé, ọ̀nà wo ló gbà dá a dúró? Èrò tí àwọn onímọ̀ ti mọ́ lára nígbà náà ni pé ohun tó bá ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ ní láti jọ ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kó lè gba ipò rẹ̀ nínú kòtò, bí kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ṣe ń há sí ihò àgádágodo. Ìlànà kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo yìí ti wà láti ọ̀dọ̀ Emil Fischer ní 1894. Ṣùgbọ́n isoleucine kì í ṣe ẹ̀dà threonine.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ti ṣẹ̀ nìyí. Ní 1961, àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Jacques Monod àti François Jacob, lo “allosteric”: allos ni “mìíràn”, stereos sì ni “ohun tó dì, tó gba àyè”. Ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ rẹ̀ sí “ìrísí mìíràn tí purotéènì gbé wọ̀”, lórí èyí ni wọ́n sì gbé “ìyírísípadà” lé. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń wí ni pé ìrísí ẹni tó wá dí iṣẹ́ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìrísí ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìrísí àlejò ni, kì í ṣe ìrísí onílé. Ó di 1963, nígbà tí àwọn méjèèjì àti Jean-Pierre Changeux jọ kọ̀wé, kí ìyípadà ara onílé fúnra rẹ̀ tó wá di gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ Gíríìkì náà ní ẹyọ-ẹyọ, ìtumọ̀ tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti fi sílẹ̀ láàárín ọdún méjì la máa jogún.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kàn wá pẹ̀lú ohun tí Monod ní lọ́kàn, ṣebí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ lónìí ni ká tẹ̀ lé. Mo gbà. Síbẹ̀, “ìyírísípadà” kò yẹ ẹ́ lónìí náà, nítorí ó fẹ̀ jù níhìn-ín, ó sì há jù lọ́hùn-ún.

Ó fẹ̀ jù, nítorí purotéènì lè yí ìrísí padà láìsí allostery kankan. Onímọ̀ kan, Koshland, ti sọ ọ́ láti 1958 pé ohun tó bá wọ kòtò iṣẹ́ lè mú kí kòtò náà rọ̀gbà yí i ká. Hexokinase, ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí glúkóòsì, ń ṣe bẹ́ẹ̀: glúkóòsì á wọlé, apá méjèèjì ẹ́ńsáìmù á pa dé mọ́ ọn lórí. Ìrísí yí padà, ṣùgbọ́n inú kòtò gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan níbẹ̀.

Ó há jù, nítorí allostery lè wáyé kí ìrísí má sì yí padà. Àwọn onímọ̀ méjì, Cooper àti Dryden, fi ìṣirò hàn ní 1984 pé ó ṣeé ṣe. Purotéènì kì í dúró gbagidi; ó ń gbọ̀n, ó ń mì, ní gbogbo ìgbà. Àlejò tó wá sí ẹ̀gbẹ́ lè dín ìgbọ̀n náà kù tàbí kó fi kún un, kí ìdúró gbogbo ara sì wà bó ṣe wà, ìyẹn nìkan sì tó láti yí bí apá kejì ṣe ń gba àlejò tirẹ̀ padà. Ní 2006, wọ́n rí irú rẹ̀ lára CAP, purotéènì kan nínú bakitéríà tó ní apá méjì. Mólékù kékeré kan tó ń jẹ́ cAMP ló ń wọ̀ ọ́. cAMP kìn-ín-ní wọ apá kan, ìdúró apá kejì kò yí padà, síbẹ̀ ó nira fún cAMP kejì láti wọlé. Kí la máa pe ìyẹn? Ìyírísípadà tí ìrísí kò yí padà?

N kò ní fi òótọ́ pa mọ́ o: hìmóglóbìn, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ń gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa. Ó ní okùn mẹ́rin, irin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin yìí ló ń di ọ́síjìn mú. Felix Haurowitz ti rí i ní 1938 pé kírísítálì hìmóglóbìn tí kò ní ọ́síjìn máa ń fọ́ bí ọ́síjìn bá ti kàn án, nítorí ara tó wà nínú rẹ̀ ń yí ìdúró padà. Lẹ́yìn tí Max Perutz ti rí bí hìmóglóbìn ṣe rí gan-an, ó wá hàn pé ìdajì kan ń yí lórí ìdajì kejì ní nǹkan bíi dígíríì 15 nígbà tí ọ́síjìn bá wọlé. Ìdúró méjì ló ní: èyí tí wọ́n ń pè ní T, tí èmi máa pè ní “ìdúró gígan”, tí ọ́síjìn kò rọrùn fún láti wọ̀, àti R, “ìdúró dídẹ̀”, tó ń gba ọ́síjìn tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ́síjìn kan wọ̀, ó tú ara dẹ̀ fún àwọn yòókù. Irin sí irin níbẹ̀, èyí tó sún mọ́ra jù tó ìdá méjì àbọ̀ nínú mìlímítà kan tí a pín sí mílíọ̀nù kan. Lójú wa kò tó nǹkan. Láàárín átọ́ọ̀mù, ìrìn-àjò ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo 2,3-BPG, mólékù kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ní lọ́pọ̀ yanturu. Kò sún mọ́ irin rárá. Àárín gbùngbùn ló ń wọ̀ sí, nínú àyè tó wà láàárín okùn méjì, nígbà tí hìmóglóbìn bá gan. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ọwọ́ gbogbo irin fi ń tú lára ọ́síjìn, kí iṣan àti ọpọlọ lè rí i gbà. Hìmóglóbìn ọmọ inú oyún kì í fi bẹ́ẹ̀ di BPG mú, ìdí nìyẹn tó fi lè gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ti ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èwo ni allostery? Yíyí dígíríì 15 ni ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀. Allostery fúnra rẹ̀ ni pé a fọwọ́ kan àárín, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí nǹkan ń ṣe la máa ń fi sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí orúkọ bá máa pẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò sọ nǹkan kan nípa ìgbì inú afẹ́fẹ́. (Òótọ́ ni pé rédíò ti ń gba èsì báyìí, àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé, a sì ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì síbẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn nà mí, mo gbà.)

“Ìdarí-òkèèrè” sún mọ́ ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ó ti ní ilé níbòmíràn: ohun tí a fi ń pa tẹlifíṣọ̀n láti orí àga ni yóò wá sí ọkàn ẹni tó bá gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òkèèrè jẹ́ ìta, ara kan náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ti “alọ́sítẹ́rì”, n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, mo ṣáà ti kọ purotéènì àti ọ́síjìn láti òkè wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi sọ gbólóhùn kan kí ẹ wò ó.

Kí n tó sọ èrò tèmi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fọgbọ́n sá fún láti òkè. Kí ni mólékù ń ṣe sí purotéènì: ó ń so mọ́ ọn ni, tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹni tó bá so nǹkan, ó di dandan kí ẹnì kan tú u. Ohun tó lẹ̀, ó lẹ̀ nìyẹn. Ọ́síjìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dé, ó ń lọ, bí àlejò. “Wọ̀ sí” ni mo fara mọ́, ibi tó wọ̀ sí sì di “ibùwọ̀”, ọ̀rọ̀ tí a ti ní tẹ́lẹ̀ fún ilé tí èrò ń dé sí. Ibùwọ̀ iṣẹ́ ni kòtò iṣẹ́, ibùwọ̀ ẹ̀gbẹ́ sì ni èkejì. Ká fi “lẹ̀ mọ́” sílẹ̀ fún irú ohun tí aspirin ń ṣe: ó ń já apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ sára ẹ́ńsáìmù, kò sì ní gbé e kúrò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni “ìbójúbámú”, láti inú “ohun tó bá ojú ti bá imú”. Inú mi dùn sí i fún ọjọ́ kan gbáko. Nígbà tí mo fi kọ gbólóhùn, ó kọ̀ jálẹ̀. “Isoleucine bójú bámú ẹ́ńsáìmù”: ta ló máa gbọ́ ìyẹn yé? Ó tún lọ ń fara jọ “bójú mu”, tí kò bá a tan rárá. Mo jù ú nù.

Èyí tí mo wá mú wá ni “ìfaragbá”. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo wa. A ń fara gbá ohun tí wọn kò dìídì ṣe sí wa. Ẹ gbọ́ ọ: “Isoleucine wọ̀ sí ibùwọ̀ ẹ̀gbẹ́, ibùwọ̀ iṣẹ́ sì fara gbá a.” “Bí a bá fi ooru tàbí mẹ́kúrì ba ibùwọ̀ ẹ̀gbẹ́ jẹ́, ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò fara gbá CTP mọ́.” Gbólóhùn kejì yìí ni àwọn onímọ̀ méjì, Gerhart àti Pardee, rí ní 1962 lára ATCase, ẹ́ńsáìmù bakitéríà kan tí mólékù tó ń jẹ́ CTP máa ń dí lọ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́, mo sì rò pé ó yéni ní Yorùbá láìsí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Yálà ìdúró ló yí padà tàbí ìgbọ̀n, ìfaragbá ni. Ẹni tó bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ á jẹ́ adènà, èyí tó ń mú un yá á jẹ́ amúṣẹ́yá.

“Ìyírísípadà” náà kò ní ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká fi sọ ìyípadà ara purotéènì nìkan, èyíkéyìí, látibi yòówù kó ti wá. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá gbà, mo máa fẹ́ “ìyídúrópadà” ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò dẹni mìíràn, ìdúró rẹ̀ ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní jà lórí ìyẹn.

Ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ ni pé ohun burúkú la sábà máa ń fara gbá. Ẹni tó fara gbá nínú ìjàǹbá la máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ ẹni tó fara gbá nínú oríire. Diazepam, oògùn àìbalẹ̀-ọkàn, kì í wọ̀ sí ibi tí GABA, mólékù tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ń wọ̀ sí lára purotéènì tó ń gba GABA nínú ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń dé sí, iṣẹ́ GABA á sì lágbára sí i. Mólékù kan tó ń jẹ́ ATP náà ń mú ATCase yá láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé etí yín gba “ATCase fara gbá ATP, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá”? Tèmi gbà á díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà bíi mẹ́wàá tí mo ti kà á sókè. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó gba ire àti ibi pọ̀, tí kò sì ní ìrísí nínú, kó gbé e wá, n ó yọwọ́ tèmi kíá.