Epo wo ni ó yẹ kí ìyá tí làkúrègbé ń bá jà máa jẹ?

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín, ọ̀kun o. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ sì máa ń wú, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń le láàárọ̀ kí ó tó lè dìde nílẹ̀. Àwọn kan sọ fún un lọ́jà pé kí ó pa epo pupa tì pátápátá, nítorí pé òun ni ó ń dá kún wíwú náà. Àwọn mìíràn ní òróró sóyà ni ọ̀tá. Ẹni tí a fi iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tọ́ dàgbà, báwo ni yóò ṣe jẹun láìsí epo? Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni òótọ́?

Nọ́ọ̀sì Kàbà:
Ọ̀kun o, àbúrò. Má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù ba màmá. Nínú epo pupa, bí ìdajì ni ọ̀rá tí ó máa ń dì, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 sì jẹ́ irú ọ̀rá tí ó pọ̀ nínú òróró ólífì. Bí ọ̀rá tí ó ń dì bá pọ̀ jù, kolẹ́sítẹ́róòlù LDL, irú èyí tí ó máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ó má ju ìdá 10 nínú 100 kálórì oúnjẹ òòjọ́ lọ. Kí epo dín kù nínú ọbẹ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe kí ó di èèwọ̀.

Ní ti òróró sóyà, òtítọ́ ni pé ara máa ń fi òmẹ́gà-6, irú ọ̀rá kan tí ó wà nínú rẹ̀, ṣe díẹ̀ nínú àwọn èròjà tí ń fa wíwú, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù náà ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ fún àwọn ènìyàn ní púpọ̀ sí i, tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àmì wíwú kò gòkè.

Èyí tí n kò lè gbè rárá ni ọ̀rá tíráǹsì, tí ó máa ń wà nínú òróró tí ilé-iṣẹ́ fi háídírójìn sọ di líle. Ó ń gbé LDL sókè, ó ń fa HDL, kolẹ́sítẹ́róòlù tí ó dára, wálẹ̀, ó sì ń dá kún wíwú inú ara. Òfin NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò gbà kí ó ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Kí màmá ka ohun tí wọ́n kọ sára ike bọ́tà kí ó tó rà á.

Ìyá Elépo:
Ọmọ mi, ohun tí ó ń dùn mí ni bí àwa fúnra wa ṣe ń ba epo jẹ́. A ó dé ìkòkò, a ó jẹ́ kí epo jóná títí èéfín yóò fi gba ilé ìdáná, tí àwọ̀ pupa rẹ̀ yóò sì ṣá pátápátá. Àwọ̀ yẹn gan-an ni karotínì tí ara ń sọ di fítámì A. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró àkàrà tí wọ́n dín, tí wọ́n tún dín, tí ó dúdú, tí ó ń ki, tí ó sì ń hó yèérú: ẹ dà á nù, ẹ má ṣàánú owó.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà ti là á yé wa. Mo fẹ́ fi ẹja kún un. Ẹja òkun tí ó lọ́ràá, bíi títù àti ṣàwá, ní òmẹ́gà-3, irú ọ̀rá kan tí ara fi ń ṣe àwọn èròjà tí ń mú wíwú rọlẹ̀. Níbi àìsàn oríkèé tí ọmọ-ogun ara ń gbógun ti ara, òróró ẹja tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 3 òmẹ́gà-3 lóòjọ́ ti dín ìrora àti líle àárọ̀ kù fún àwọn kan. Iye yẹn ju èyí tí ẹja inú ọbẹ̀ lè fún ènìyàn, síbẹ̀ ẹ máa sè é fún màmá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kajú tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà dára, bí iyọ̀ kò bá sí i lára.

Ṣùgbọ́n orúnkún tí ó ń wú, tí ó sì ń gbóná, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mọ irú làkúrègbé tí ó jẹ́, nítorí pé oògùn ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.