Kẹ̀kẹ́ gravel láti Edmonton: etí kánààlù Lee ni àbí inú igbó Epping?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Edmonton ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ gravel àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, táyà 40 mm, ó sì le dáadáa. Títì ti sú mi. Bọ́ọ̀sì á fún èèyàn mọ́ ẹ̀gbẹ́, akẹ́rù á fi fèrè lé e. Mo ń wá ibi tí mo ti lè gun kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́ta, kí n rí igi, kí n rí omi, kí n má rí mọ́tò. Àwọn kan ní kí n tẹ̀ lé etí River Lee lọ sí Hertford, àwọn kan ní igbó Epping ló dáa jù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbà? Ẹ fi sọ́kàn pé n kò mọ̀wẹ̀ rárá, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fẹ́ bá mi lọ. Òjò oṣù Kẹwàá yìí náà ò sì dáwọ́ dúró.

Bàbá Táyọ̀, Cheshunt: Àbúrò, o kú oríire kẹ̀kẹ́. Etí omi ni kí o kọ́kọ́ lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà ọ́ láàmú. Kánààlù Lee yẹn, láti Bow dé Hertford, bíi 45 km ni, ṣùgbọ́n ìwọ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Bow. Bọ́ sí i ní Pickett's Lock, kọjú sí àríwá. Pẹrẹsẹ ni. Kò sí ibi tí o ti máa gòkè àfi ẹ̀gbẹ́ àwọn lock, níbi tí wọ́n ti ń fi ilẹ̀kùn ńlá sé omi kí ọkọ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Wàá kọjá Ponders End, wàá dé Enfield Lock. Ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ sì ni ìdajì orúkọ ìbọn Lee-Enfield ti wá, irú èyí tí àwọn bàbá wa gbé lọ jagun Bọ́mà. Èmi kì í kọjá ibẹ̀ kí n má rántí wọn.

Lẹ́yìn tí o bá gba abẹ́ títì ńlá M25 kọjá, wàá rí ibi tí wọ́n ti fi ọkọ̀ kékeré díje nínú omi tó ń ru nígbà Olympics 2012. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà á wá dákẹ́ rọ́rọ́: Cheshunt, Broxbourne, Dobbs Weir, Rye House, Ware. Ojú irin ń bá odò náà rìn. Bí ọmọ bá ti rẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Broxbourne kò jìnnà sí omi rárá, ẹ wọkọ̀ padà sílé.

Ìyá Ìbejì, Chingford: Bàbá Táyọ̀, mo júbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Bí oòrùn bá fi lè ràn lọ́jọ́ Sátidé, láti Tottenham dé Enfield Lock, ajá ni, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, apẹja tó na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ọ̀nà ni. Ẹlẹ́sẹ̀ sì ni Canal & River Trust, àjọ tó ń tọ́jú etí omi náà, fún láyè jù níbẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ni kó dẹ̀rìn. Lábẹ́ àwọn afárá, ọ̀nà á fún, ilẹ̀ á máa yọ̀, o ò sì ní rí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì. Níbẹ̀, ẹni tí ò mọ̀wẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ kó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Igbó Epping ni tèmi. Bíi 2,400 hẹ́kítà ni, City of London ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà òfin 1878. Nígbà tí Queen Victoria fẹ́ wá sí High Beach ní 1882, wọ́n ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe la ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Green Ride. Àwa ọlọ́kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ báyìí. Igi beech ibẹ̀, orí wọn ni wọ́n máa ń gé fún igi ìdáná láyé àtijọ́, torí náà ìdí wọn ki, ẹ̀ka sì bẹ́ jáde lókè lọ́pọ̀ yanturu. Lóṣù yìí, ewé wọn pupa bíi bàbà, á bo gbogbo ilẹ̀. Ìṣòro wà níbẹ̀ o: gbòǹgbò á sá sábẹ́ ewé. Táyà iwájú á gun gbòǹgbò tútù níbùú, bí ẹ bá wá di bíréèkì iwájú mú lásìkò yẹn, ilẹ̀ lẹ máa bára yín. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gorí rẹ̀ lọ tààrà, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ máa lò jẹ́jẹ́.

Màlúù náà wà, oníwo gígùn. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀ kò ní ọgbà, ohun tó wà lọ́rùn wọn ló máa ń dún bí wọ́n bá fẹ́ kọjá ààlà. Fóònù ni darandaran wọn ń tẹ̀.

Fọ́káníṣà Walthamstow: "Ó sì le dáadáa" ni mo rí tí mo fi dá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀! Bí ẹ bá wọn kìlógírámù 75, psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) 35 sí 40 ti tó fún táyà 40 mm. Ti ọmọ tó fúyẹ́, ó tún lè dín sí i. Táyà tó le kì í di ilẹ̀ mú, á máa ta yín lórí òkúta ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé amọ̀ ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ igbó Epping. Amọ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún àárín fọ́ọ̀kì, kẹ̀kẹ́ á kọ̀ kò ní yí mọ́. Orí òkè lápá High Beach ló ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ibẹ̀ tètè ń gbẹ. Torí náà lẹ́yìn òjò, ẹ má kúrò lórí òkè àti àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti da òkúta sí. Lásìkò tí wọ́n bá ń gé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ẹ̀gún blackthorn máa ń jábọ́ sọ́nà. Bí táyà yín bá gba tubeless, ìyẹn kó má lo túùbù, ẹ da omi funfun tó ń dí ihò sí i. Bí kò bá gbà á, ẹ mú túùbù méjì dání.

Olùkọ́ Ware: Ohun kan ṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà inú igbó ni ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ gbà. Ní England, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni footpath. Bridleway ni ti ẹlẹ́ṣin, Countryside Act 1968 ló sì fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀, bí a bá ti ń yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ẹ ra máàpù OS Explorer 174. Ilà aláwọ̀ ewé tó gé gígùn-gígùn ni bridleway, èyí tó gé kéékèèké ni footpath.

Òfin igbó Epping gbani láyè sí i díẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló gba kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gun kẹ̀kẹ́ dé Loughton Camp àti Ambresbury Banks. Òdi àti yàrà ayé àtijọ́ ni wọ́n, ẹni tó bá ti rí Erédò Sùǹgbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ò nílò àlàyé. Bí ẹ bá sì bá ẹṣin níwájú, ẹ má dédé ta agogo sí i ní ìdí. Ẹ fi ohùn kí ẹni tó gùn ún láti òkèèrè, kó lè gbà yín láyè.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò ní rí àgbákò lọ́nà. Ṣé a ò lè pa méjèèjì pọ̀? Ọ̀nà wo ni mo sì lè gbà dé Chingford láìkan títì?

Ìyá Ìbejì, Chingford: Ẹ lè pa á pọ̀ dáadáa. Ẹ má gba Lea Valley Road tó wà láàárín adágún omi méjèèjì yẹn pẹ̀lú ọmọ, eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀ pọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Overground ní Edmonton Green, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Hackney Downs, ẹ sọ̀ ní Chingford. Kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé lásìkò táwọn èèyàn ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé ò ní wàhálà. Ilé àgbékà tí wọ́n kọ́ fún Henry VIII ní 1543 kó lè máa wòran ọdẹ, ìtòsí ibẹ̀ ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba etí adágún Connaught Water bọ́ sí Green Ride, ẹ gòkè dé High Beach, tíì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí Waltham Abbey, mọ́tò díẹ̀ wà lójú títì yẹn, ẹ fara mọ́ ọn. Etí omi ló kù láti ibẹ̀ dé Pickett's Lock. Gbogbo rẹ̀ ò tó 25 km.

Bàbá Táyọ̀, Cheshunt: Ìyá Ìbejì, mo fọwọ́ sí i. Hertford ò ní sá lọ. Àbúrò, ẹni tó bá mọ̀wẹ̀ ni kó wà níhà omi o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ọmọ náà mọ̀wẹ̀ bí ẹja, òun ló máa wà níbẹ̀. A máa gbéra lọ́jọ́ Sátidé láti Edmonton Green, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Fọ́káníṣà, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú pọ́ǹpù tó ń ka psi dání. Tèmi kì í kà.