Pákó wo ló dáa fún bẹ́ǹṣì ìta gbangba?

Aránṣọ Ìdí-Arère

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ Ìdí-Arère ni mí, n'Ìbàdàn níbí. Aṣọ ni mò ń rán, mi ò mọ̀ nípa pákó ju kí n jókòó lé e lọ. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò pa pọ̀, a kó ààtàn kan tó wà lẹ́yìn agboolé wa kúrò. Mọ́gàjí ti gbà pé ká máa lo ilẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ pé bí a ò bá tètè gbé nǹkan síbẹ̀, ààtàn á padà. Wọn ò parọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ta ló máa mọ ẹni tó ju báàgì ìdọ̀tí sílẹ̀?

Bẹ́ǹṣì àti tábìlì tí àwa fúnra wa yàwòrán rẹ̀ la fẹ́ gbé síbẹ̀. A ò fẹ́ àga rọ́bà. Kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi yá a lọ síbi ìnáwó, ó parí nìyẹn.

Àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ yàwòrán, gbogbo wọn ló sì ya bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ká lọ bi àwọn tó máa jókòó ná. Àwọn bàbá ní ayò làwọn fẹ́ ta, káwọn sì gba atẹ́gùn. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá tábìlì tí wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, torí inú yàrá wọn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó ń dirun ló wá sọ ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa: ẹni tó ń dirun gbọ́dọ̀ ga ju ẹni tó ń dì í fún lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn á máa ro ó. La bá ya bẹ́ǹṣì onípele méjì, ẹ̀gbẹ́ kan ga ní ínṣì 18, ìkejì ínṣì 11. Ìyá àgbà kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ti ní tòun ni ti òkè. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju gbogbo aṣọ tí mo ti gé lọ, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníbàárà mi gbọ́.

Ó wá ku pákó. Èwo ni òjò àti ikán ò ní tètè jẹ? A ti béèrè iye ìrókò, a sì ti kí i pé ó dàbọ̀. Ẹnì kan fẹ́ fún wa ní pálẹ́ẹ̀tì, àwọn pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ilé iṣẹ́. Ṣé ó dáa? Báwo la ó sì ṣe ṣe é tí wọn ò fi ní jí i gbé?

Bàbá Pákó, Bódìjà

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ará Ìdí-Arère, ẹ má ra arère o! Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, àmọ́ inú ilé ló ti wúlò. Bó bá wà lójú òjò, á jẹrà, ikán sì fẹ́ràn ẹ̀. Àfàrà náà, inú ilé ni kó wà. Apá le, ikán ò rí i ṣe, ṣùgbọ́n ó máa mú eyín ayùn yín kú. Tíìkì náà dáa, bí ẹ bá mú inú igi tó dúdú, tí ẹ fi èyí funfun tó wà létí èèpo sílẹ̀.

Ohun tí èmi ì bá ṣe ni kí n wá igi àlòkù. Wọ́n ń wó ilé alámọ̀ àtijọ́ káàkiri Ìbàdàn, ẹ sì lè rí ìrókò tàbí apá nínú igi àjà àti férémù ilẹ̀kùn wọn. Ó ti gbẹ láti ayé àwọn bàbá wa, kò tún ní í lọ́. Ẹ tètè bá ẹni tó ń wó o sọ̀rọ̀. Kí ẹ yọ gbogbo ìṣó rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfági o. Ìṣó kan péré lè ba ọ̀bẹ ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó.

Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lásán. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sáàárín àwọn pákó ìjókòó kí omi lè máa jò dà nù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, abẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kùn ún sí. Bí ẹ bá kùn ún sókè, ẹni tó wọ léèsì á wá yín dé ilé.

Mo-Ń-Bọ̀-Wá-Wò-Ó

Bẹ́ ẹ ti ń kàn án yẹn, alámàlà kan ti ń wò ó pé igi ìdáná dé. Ẹ má bínú. Olóṣèlú kan gbé bẹ́ǹṣì wá sí àdúgbò wa, fọ́tò rẹ̀ gàdàgbà lára rẹ̀, kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníirin àlòkù. Kò sẹ́ni tó bi wá ká tó rí i. Ẹ̀yin bi àwọn èèyàn yín, ó lè yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wúwo.

Ọmọ Poly

Lórí ọ̀rọ̀ wíwúwo yẹn, ẹ lọ wo iṣẹ́ Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó tún ń ya àwòrán ilé. Òun ló kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, tó wà n'Ìbàdàn yìí, òun náà ló kọ́ New Culture, ilé iṣẹ́ ọnà, sí Mọ́kọ́lá. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice lọ́dún 2023 fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe látẹ̀yìnwá. Ó máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ lè mọ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yín bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ri bóòtù onínọ́ọ̀tì sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, kẹ́ ẹ wá de pákó mọ́ ọn. Bí pákó kan bá bàjẹ́, òun nìkan lẹ ó tú. Ta ló sì máa ru ẹsẹ̀ alámọ̀ lọ tà?

Ti pálẹ́ẹ̀tì: ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀. HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, ẹ lè lò ó. MB, gáàsì olóró methyl bromide ni; ẹ má gbà á, pàápàá níbi tí ọmọdé á máa jókòó. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò lè mọ ohun tó ti dà sí i.

Aránṣọ Ìdí-Arère

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, ilé kan wà nítòsí wa tí wọ́n fẹ́ wó, Mọ́gàjí á bá wọn sọ ọ́. MB ló wà lára gbogbo pálẹ́ẹ̀tì yẹn, a ò gbà á mọ́. Mo-Ń-Bọ̀-Wá-Wò-Ó, alámàlà àdúgbò wa wà nínú ẹgbẹ́ wa o, kódà ó ní kí bẹ́ǹṣì kan kọjú sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ọmọ Poly, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá bu ilẹ̀ pupa, sìmẹ́ǹtì mélòó ni ká fi sí i? Bóòtù náà ńkọ́, ínṣì mélòó?