Ìbora alábùlẹ̀ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí etí òkun ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú ilé o, Èkìtì kete. Orí ń fọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Etí òkun ni àbúrò mi ń gbé ní Norfolk, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí àwọn tó wá ṣeré létí omi ti lọ tán, tí ewé ti ń wọ́, á gbé àga lọ sójú iyanrìn, á máa wo ẹyẹ. Ó ní àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn dúdú kan tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ máa ń ti Síbéríà dé lásìkò yẹn, àmọ́ atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí òun jókòó pẹ́. Ó ní kí n bá òun rán ìbora alábùlẹ̀, kúìlìtì tí àwọn òyìnbó ń rán, kó jẹ́ aṣọ ilé wa ni òun máa fi bo itan.

Mo kó ìjákù ańkárá jọ, mo gé àdìrẹ ìyá wa méjì sí i, mo fi aṣọ òkè díẹ̀ kún un. Mo gé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mẹ́rin lé àárín rẹ̀, torí ó ní tí wọ́n bá ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Mo wá gbé e fún télọ̀ kan pé kó bá mi fi mọ́ṣíìnì rán an pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Tí mo bá pè é, "ó ti ń parí, Mà". Tí mo bá débẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni màá bá, tó ń tẹ fóònù. Òwú funfun ni mo fún un, pupa rúsúrúsú ló fi rán an. Bàbá àwọn ọmọ tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé agọ̀ eégún ni mò ń fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó.

Nígbà tó dé ọwọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti hunjọ bí iwájú orí àgbàlagbà, òwú já níbi mẹ́fà. Mo ní kí n fọ̀ ọ́ bóyá á tẹ́. Aró àdìrẹ ràn mọ́ gbogbo ibi tó funfun. Ẹni tó máa bá mi mú un lọ ń gbéra ní ọjọ́ mẹ́rìnlá sí òní. Ṣé kí n gba owó mi padà lọ́wọ́ télọ̀ yẹn ni, àbí kí n mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò?

Abẹ́rẹ́ Adó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ọ̀rọ̀ télọ̀ pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ ìbora ni kò tó. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Íǹṣì mélòó ló wà láàárín ìlà ìrán kan sí èkejì? Kí lẹ kó sáàárín rẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ohun tó sábà ń mú kí ẹ̀yìn hunjọ nìyí. Eyín abẹ́ mọ́ṣíìnì ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ síwájú, ẹsẹ̀ mọ́ṣíìnì sì ń ti aṣọ òkè padà. Tó bá ti di ìpele mẹ́ta (ojú, ti àárín àti ẹ̀yìn), wọn kì í rìn pọ̀. Lórí mọ́ṣíìnì Butterfly ẹlẹ́sẹ̀, ìdérí oníwọ́ kan wà lórí ọ̀pá tó gbé ẹsẹ̀ mọ́ṣíìnì dúró. Ẹ yí i sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ náà má baà tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ìrán gùn tó mílímítà 3. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14, tuntun, kì í ṣe èyí tó ti rán jíǹsì.

Aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí símẹ́ǹtì, kí ojú rere rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le gan-an ṣùgbọ́n kó má fà. Ẹ tẹ́ ti àárín lé e, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ojú lé gbogbo rẹ̀, ẹ wá fi píìnì mú un pọ̀ ní íǹṣì 4 sí 4. Àárín gbùngbùn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán, kẹ́ ẹ máa bọ̀ sí etí. Tẹ́ ẹ bá ti etí wọlé, àárín ni gbogbo àṣẹ́kù aṣọ máa kó jọ sí.

Aláró Ìkẹ̀rẹ́:
Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o! Ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Aró tó ràn tí aṣọ ṣì tutù ṣì lè jáde. Èyí tí iná bá ti kàn, àfi bí Ọlọ́run bá ṣe é.

Ẹ wá ike ńlá, èyí tí aṣọ náà máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe bákẹ́ẹ̀tì tó máa há sí. Omi gbígbóná tọ́wọ́ lè gbà, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ bíi síbí mẹ́ta. Ẹ rì í pátá, ẹ jù ú síbẹ̀ fún wákàtí 12. Omi tó pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́: aró á tú sínú omi, kò ní rí aṣọ funfun lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi inú ike yẹn sínú ife aláwojú, ẹ gbé e síwájú ìwé funfun. Tó bá ṣì ní àwọ̀ búlúù, ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe. Àdìrẹ tí wọn kò ṣan dáadáa lẹ́yìn ìrẹ aró lè gba ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má fún un, ẹ má fi blíìṣì sí i, torí blíìṣì á jẹ aró àdìrẹ fúnra rẹ̀.

Màmá Ìgbẹ́mọ:
Ta ló ní kẹ́ ẹ fọ aṣọ tẹ́ ò tíì dán wò? Kí ènìyàn tó gé àdìrẹ mọ́ aṣọ míì, á fi aṣọ funfun tútù nù ún ná. Tó bá yí àwọ̀, kò tíì tó rán. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn! Ẹ ti wá fọ̀ ọ́ báyìí, ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀ méjì àti fínígà ife kan sí omi tútù, aró á dúró.

Aláró Ìkẹ̀rẹ́:
Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, iyọ̀ kì í dá aró tó ti ń jáde dúró. Inú ìkòkò aró ni wọ́n ti ń lo iyọ̀ fún àwọn aró kan, kí aró lè wọ aṣọ. Lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Fínígà sì wà fún aró tí wọ́n fi ń rẹ irun àgùntàn àti sílíìkì. Òwú ni àdìrẹ.

Màmá Ìgbẹ́mọ:
Iyọ̀ ni gbogbo ayé ń lò.

Aláró Ìkẹ̀rẹ́:
Gbogbo ayé náà ni aró ń ràn mọ́ lára.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ ṣé o. Íǹṣì 60 níbùú, 72 lóòró. Àbùlẹ̀ oní-íǹṣì 6 ni, 120 ni gbogbo wọn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé wọn ní 6½ kí wọ́n tó di 6 tí a bá rán an, kì í ṣe télọ̀. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ìlà àbùlẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kọ èyí, kí n má parọ́. Màmá Ìgbẹ́mọ, mi ò ya aláìgbọ́n, ṣebí fífọ̀ ni wọ́n máa ń fọ aṣọ tó bá hunjọ. Ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ni kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Olùwo Ẹyẹ:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ṣùgbọ́n kò pé. Wọ́n ń kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Àwọn míì máa ń lo ẹ̀ẹ̀rùn ní Nàìjíríà: ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, inú eésún lára òkè ni wọ́n ti ń sùn lọ́pọ̀ yanturu. Kì í ṣe gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ òrùlé ní Ẹ̀fọ̀n ló ti òkè òkun wá, àwọn onílé wà láàárín wọn.

Àwòrán rẹ̀: ẹ̀yìn búlúù dúdú tó ń dán, ọ̀fun àti iwájú orí pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ikùn funfun bíi wàrà, ìrù tó là sí méjì bí ẹ̀ka igi tí a fi ń ṣe rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Àdìrẹ yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Àárín ìlà ìrù yẹn ló máa ń tú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè, aṣọ fẹ́lẹ́ oní-gọ́ọ̀mù tó ń mú aṣọ le, sí ẹ̀yìn aṣọ kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ fi sísọ́ọ̀sì ṣóńṣó wọ inú igun náà, kó ku fọ́nrán méjì péré kẹ́ ẹ tó dé ojú ìlà, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán igun yẹn ní ìdì mẹ́ta tó sún mọ́ra.

Ọmọ Ahunṣọ:
Ẹni tó ní agọ̀ eégún, ẹ kí i fún mi, kò mọ̀ pé agọ̀ alábùlẹ̀ ní ọlá tirẹ̀.

Ti aṣọ òkè: ó ń tú létí tẹ́ ẹ bá gé e, ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ létí ańkárá fún ìrán kò tó o. Ẹ lẹ sítéè sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún un ní ìdajì íǹṣì, ẹ wíìvì etí rẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi òwú ká a kó má tú. Tó bá ní fọ́nrán dídán nínú, omi gbígbóná tí Aláró sọ yẹn kò ní í bá a lára mu. Ẹ yọ ọ́ kúrò ná.

Abẹ́rẹ́ Adó:
Mà, mo tún béèrè: kí lẹ kó sáàárín rẹ̀? Ṣé fáíbà oníṣíìtì, òwú àtọwọ́dá tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ni àbí búláńkẹ́ẹ̀tì? Òwú tó já níbi mẹ́fà kì í ṣe ohun ojú lásán.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì ni? Ó dáa. Òwú àràbà ni. Ìrọ̀rí mẹ́ta ìyá wa ni mo tú, mo tẹ́ ẹ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti fọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti kó sí igun kan, bí òkúta sì ni ó rí níbẹ̀. Àárín kò ní nǹkan kan mọ́. Télọ̀ náà sọ fún mi níjọ́ kìíní pé kí n lọ ra fáíbà, mo ní owó ti tán, kó fi ìlà mẹ́fà péré rán an kó má baà gbówó lé e. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Màmá Ìgbẹ́mọ:
Háà! Ẹ wá ń wá àgbà àdúgbò.

Abẹ́rẹ́ Adó:
Ẹ jẹ́ kí n gba gbogbo ohun tí mo sọ lókè padà ná, torí fáíbà ni mo ní lọ́kàn. Fọ́nrán àràbà kúrú, ó ń yọ̀, wọn kì í so mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ran òwú. Ìlà mẹ́fà lórí íǹṣì 60 túmọ̀ sí pé àyè bí íǹṣì 8 sí 9 ló ní láti máa rìn káàkiri. Nígbà tẹ́ ẹ wá fọ̀ ọ́, ó kó jọ. Òwú tó já náà, àwọn ìdì àràbà ló ń yẹ abẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀tù rẹ̀, èérún fọ́nrán rẹ̀, á sì ti kún abẹ́ bọ́bìn tí òwú ìsàlẹ̀ wà. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè fi mọ́ṣíìnì dá sí i bó ṣe wà yẹn.

Títú ni. Láti ẹ̀yìn, ẹ máa já ìrán kan nínú mẹ́rin, ẹ wá fa òwú kejì, á yọ. Ìta ni kẹ́ ẹ ti kó àràbà jáde, níbi tí atẹ́gùn kò ti sí, kẹ́ ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ jẹ́ kí ojú dá wà, kí Aláró bá a ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀ nìkan. Omi tó ń lọ sínú aṣọ kan yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ sínú ìpele mẹ́ta.

Fáíbà onídajì íǹṣì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga lẹ ti máa rí i, ẹ ní kí wọ́n gé 68 sí 80 fún yín. Aṣọ ẹ̀yìn náà 68 sí 80. Ańkárá kì í fẹ̀ ju bí 45 lọ, nítorí náà ẹ ra yáàdì 5, ẹ gé e sí méjì, ẹ so ó pọ̀ lóòró. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí sítáàṣì rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó gé e. Ìlà ìrán íǹṣì 3 sí 3, kì í ṣe ìlà mẹ́fà. Ti etí: ọ̀já fífẹ̀ íǹṣì 2½, méje, tẹ́ ẹ so pọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po lójú méjì. Ìdajì yáàdì ti tó.

Aláró Ìkẹ̀rẹ́:
Ọjọ́ 14 tó, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Rírẹ sómi ọjọ́ mẹ́ta, gbígbẹ ọjọ́ méjì, torí òjò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ òjìji, ẹ má fi kọ́ okùn, ìwúwo omi á fa àwọn ojú ìrán gùn. Aró inú ìlà mẹ́ta tẹ́ ẹ ti lọ lè má jáde tán. Ẹ tú àwọn àbùlẹ̀ tó ṣì dọ̀tí níbẹ̀, ẹ fi ìjákù míì rọ́pò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Àmọ́ ìrọ̀rí ìyá wa ńkọ́? Torí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe fi sí i. Mo fẹ́ kí òun náà ní nínú rẹ̀. Mo sì ní kíjìpá tó nípọn nílé, ṣé n kò lè fi ṣe ẹ̀yìn dípò yáàdì 5?

Ọmọ Ahunṣọ:
Kíjìpá á wúwo jù fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo itan, á sì sún kì bó bá kan omi, ojú ańkárá á wá hunjọ ní tiẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Adó:
Ẹ fi kíjìpá àti àràbà yẹn ṣe tìmùtìmù tí yóò fi jókòó sójú iyanrìn. Àràbà kì í tètè mu omi, òun ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó lójú omi láyé ọjọ́un. Ẹ tẹ́ èyí tó kó jọ sí oòrùn, ẹ fọwọ́ ya á, ẹ ṣa kóró rẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ kó o sínú àpò aṣọ ìrọ̀rí tó hun kì, íǹṣì 16 sí 16, kẹ́ ẹ tó fi kíjìpá bò ó, torí ojú kíjìpá fẹ̀, ẹ̀tù rẹ̀ á máa yọ. Ẹ kó o sínú rẹ̀ kó ki, kó má ráyè rìn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mo ti ń tú u. Ìlà kìíní ti yọ, ẹ̀tù ti kún irun mi. Ṣé ọmọ iṣẹ́ télọ̀ yẹn ni kí n gbé e padà fún, àbí kí n rán an fúnra mi?

Abẹ́rẹ́ Adó:
Ẹ mú fáíbà lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì í títí ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ fi parí. Ẹ má gbàgbé òwú funfun.