Iṣẹ́ wà, ìgbádùn wà, ọkàn mi kò yó: kí ni kí Kristẹni ṣe?

Akọrin_Ayọ̀:
Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà bá mi dá sí i. Èmi ni ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó níbi iṣẹ́ mi. Ipò yìí ni mo ti ń lé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbéga dé, mo kà á, mo tún un kà, inú mi dùn títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ipò tó kàn lókè ni mo ti ń rò. Mo gba ìsinmi, mo rìnrìn àjò, mo ra ohun tí ojú mi ń wá. Adùn rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bó ṣe rí níbi iṣẹ́ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ akọrin, ìgbìmọ̀, ìpàdé àdúrà, kò sí èyí tí n kò sí nínú rẹ̀. Tí a bá kọrin tán tí ìjọ pàtẹ́wọ́, orí mi á wú. Tí mo bá délé, òfìfo ni. Mo gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣé ìgbàgbọ́ lè tẹ́ ènìyàn lọ́rùn láyé níbí, àbí títí a ó fi dé ọ̀run la ó máa retí rẹ̀? Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ọmọ_Ìjọ:
Arábìnrin, ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ló ń wá irú ipò yẹn tí wọn ò rí i. Ẹ gbààwẹ̀, kí ẹ sì lé ẹ̀mí àìmoore jáde.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹ má bínú, n kò rí àìmoore nínú ohun tó sọ. Ẹni tó ní ohun gbogbo ló ké “asán inú asán” nínú Bíbélì. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní sọ pé ọdún 7 ni Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì, ó fi ọdún 13 kọ́ ilé ara rẹ̀, 666 tálẹ́ńtì wúrà ló sì wọlé fún un lọ́dún kan. Wá ka Oníwàásù orí 2: ilé, ọgbà àjàrà, adágún omi, akọrin lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ fẹ́ tó fi dù ú. Ó ní ọkàn òun yọ̀ nínú iṣẹ́ òun pàápàá. Kò purọ́ pé kò dùn. Ìgbà tó wá yíjú wo gbogbo rẹ̀ ló rí i pé asán ni.

Dúró síbẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ kò burú, ìgbádùn kò burú. Ẹrù tí a dì lé wọn lórí ló ju agbára wọn lọ. A fẹ́ kí wọ́n sọ fún wa pé a ti tó ènìyàn, wọn kò sì lè sọ ọ́. Pàtẹ́wọ́ ìjọ náà kò lè sọ ọ́. Ẹni tó dá ọ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ nínú Kristi kí o tó kọ orin kan ṣoṣo fún un. Nínú orí 2 yẹn kan náà, ní ẹsẹ 24, jíjẹ, mímu àti jíjẹ adùn iṣẹ́ ẹni tún di ohun rere, nítorí pé láti ọwọ́ Ọlọ́run ni ó ti wá.

Pọ́ọ̀lù wà nínú ìdè nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní òun kọ́ ọ ni. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ òru, mo máa ń ka ẹsẹ ìparí Sáàmù 16 nídìí ẹ̀rọ omi, láàrin aláìsàn kan àti èkejì. Ọṣẹ á ti hó lọ́wọ́ mi títí dé ìgúnpá, mo á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Níwájú rẹ ni ẹ̀kún ayọ̀ wà.” Ó pẹ́ kó tó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ̀ mí, mo lè dúró ti aláìsàn tó ń bú mi láìretí pé kó dúpẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Bíbélì:
Lórí ìbéèrè bóyá kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀: Augustine, àgbà Kristẹni ìgbà àtijọ́, fi tirẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ tó lórúkọ ni ní Mílánì, níbi tí ọba Róòmù fìjókòó sí, nígbà tó yípadà lọ́dún 386. Ó wá ibi ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ibẹ̀ kọ́ ló parí ayé rẹ̀ sí. Wọ́n fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo ní Àríwá Áfíríkà, iṣẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ títí tó fi kú lọ́dún 430. Òun ló gbàdúrà pé ọkàn wa kò ní ìsinmi títí yóò fi sinmi nínú Ọlọ́run. Tí ìsinmi bá jẹ́ àìṣiṣẹ́ ni, kì bá tí rí i.

Akọrin_Ayọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ pé mo ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé mo ti tó, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo fẹ́ tọrọ àyè kúrò nínú ìgbìmọ̀ fúngbà díẹ̀, kí n lè ráyè jókòó níwájú Ọlọ́run láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá ka Sáàmù tí n kò mọ nǹkan kan lára ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ka Sáàmù 42 lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ ni ẹni tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ wí, ó sì tún parí rẹ̀ sórí ìbéèrè kan náà àti pé kó máa retí Ọlọ́run. Ọlọ́run kò bínú sí i. Sọ òfìfo náà fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún wa níbí. Tí o bá sì ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lọ.